Bí ẹ ṣe lè mú àlejò tó ń gbé Ìbàdàn lọ wo eré orí ìtàgé

Àlejò pọ̀ n'Ìbàdàn ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò lọ. Láti ọdún 1967 tí wọ́n ti dá IITA, ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn, sílẹ̀ lọ́nà Mọ́níyà ni àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ti ń ti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá gbé ibẹ̀ tìyàwó tọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ láti òkè òkun wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ará Kùtọnu àti ará Gánà ń bá wa gbé àdúgbò kan náà. Ẹlòmíì nínú wọn á lo odindi ọdún méjì láàárín wa, ibi iṣẹ́, ọjà Bódìjà àti ilé tó ń sùn ni gbogbo ohun tó máa mọ̀. Bí ẹ bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́rẹ̀ẹ́ tàbí ní alábàágbé, ẹ mú un lọ wo eré orí ìtàgé ní alẹ́ ọjọ́ kan. Kí alẹ́ ọjọ́ náà tó parí, á ti rí bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kíni, bí a ṣe ń jà, bí a ṣe ń ṣọ̀fọ̀, bí a ṣe ń fi orin bá ọba wí lójú ara rẹ̀. N kò mọ ibòmíì tó ti lè rí gbogbo rẹ̀ lójú kan náà.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: iṣẹ́ ẹni tó mú àlejò lọ sí ilé eré, kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Bí ẹ bá ti múra rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin náà á lè jókòó gbádùn ara yín. Bí ẹ kò bá múra rẹ̀ sílẹ̀, ògbufọ̀ lẹ máa dà, ẹ ó máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí títí eré á fi parí, ẹ̀yin méjèèjì kò sì ní rí eré náà wò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá eré tó bá a mu

Ibi méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èkíní ni gbọ̀ngàn eré Yunifásítì Ìbàdàn, tí gbogbo ènìyàn ṣì ń pè ní Arts Theatre bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Theatre Arts ló ń ṣeré níbẹ̀ jù lọ, ọ̀pọ̀ nínú eré náà sì jẹ́ ara iṣẹ́ tí wọ́n fi ń gba oyè, nítorí náà wọn kì í fi ṣeré rárá. Èkejì ni Cultural Centre tó wà lórí òkè Mọ́kọ́lá, ibi tí ẹ ti lè bá eré àti ijó ìbílẹ̀ pàdé. Kò sí eré lójoojúmọ́ níbi méjèèjì. Ẹ máa wo pósítà tí wọ́n lẹ̀ káàkiri ẹnu ọ̀nà yunifásítì àti Agbowó, kí ẹ sì tọrọ nọ́ńbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ṣẹ́ eré, kó lè máa fi ìkéde ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Bí yunifásítì bá wà ní ìsinmi, tàbí tí àwọn olùkọ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ yíjú sí Mọ́kọ́lá.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ọ̀pọ̀ máa ń ṣì mú níbi yíyan eré. Wọ́n á ní, "Òyìnbó ni, kò gbọ́ Yorùbá, ẹ jẹ́ ká wá eré Gẹ̀ẹ́sì fún un." Tèmi ni pé kí ẹ má bẹ̀rù eré Yorùbá, bí ìlù, ijó àti orin bá ti pọ̀ nínú rẹ̀. Ojú gbọ́ èdè ju bí a ṣe rò lọ. Ẹni tó rí ìyàwó àfẹ́sọ́nà tó ń sun ẹkún ìyàwó, tí àwọn ìyá rẹ̀ yí i ká, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé nǹkan ńlá ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n eré aláwàdà tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe, tí gbogbo ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ dá lórí àwọn olóṣèlú wa, onílé tó ń yọ ayálégbé lẹ́nu àti awakọ̀ takisí Míkírà, yóò ṣòro fún àlejò gan-an. Á gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, kò sì ní mọ ohun tí gbogbo gbọ̀ngàn ń torí rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá rí eré Gẹ̀ẹ́sì tí orin Yorùbá kún inú rẹ̀, ìyẹn dára fún ìgbà àkọ́kọ́, irú rẹ̀ sì pọ̀ ní yunifásítì.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ sọ ìtàn náà fún un ṣáájú

Àwọn kan gbà pé bí a bá ti sọ ìtàn, adùn ti lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú eré tiwa. Ẹni tó ń lọ wo eré Ṣàngó ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa parí kó tó kúrò nílé; bí wọ́n ṣe máa ṣe é ló lọ wò. Òǹwòran tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àlejò yín ti gbọ́ ìtàn náà láti kékeré, ẹ̀tọ́ àlejò sì ni kí òun náà mọ̀ ọ́n kó tó wọlé.

Ẹ má sọ ọ́ gùn. Bó bá jẹ́ ìtàn Mọrèmi ni wọ́n fẹ́ ṣe, ẹ lè sọ ọ́ báyìí:

"Àwọn ará Ùgbò máa ń ti inú igbó jáde wá kó Ilé-Ifẹ̀ lẹ́rú. Ìko ni wọ́n fi bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, Ifẹ̀ sì rò pé iwin ni wọ́n, wọn kò lè bá wọn jà. Obìnrin kan, Mọrèmi, lọ sí odò Ẹ̀sìnmìrìn, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí odò bá ran òun lọ́wọ́, ohun tó bá béèrè lòun máa fún un. Ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú. Ó di ìyàwó ọba wọn, ó mọ àṣírí wọn pé ènìyàn ni wọ́n, pé iná á jó ìko tí wọ́n wọ̀. Ó sá padà wálé, Ifẹ̀ fi ògùṣọ̀ lé wọn. Odò wá béèrè Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí."

Ó tó. Ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Bí ìyá yẹn ṣe dúró létí odò, òṣèré ni kó fi ìyẹn hàn án.

Lẹ́yìn ìtàn, ẹ mú nǹkan bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ojú lásán kò lè túmọ̀, kí ẹ là á yé e. Bí àpẹẹrẹ, ìyàwó ilé lè kúnlẹ̀ fún ọmọdé kan lórí ìtàgé kó máa pè é ní "ọkọ mi". Ẹni tí kò mọ̀ pé gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá nílé ọkọ ni ọkọ rẹ̀, gbogbo ìjà orogún tó máa tẹ̀ lé e kò ní yé e. Bákan náà ni "ìyá" tí wọ́n ń pe obìnrin tí kò bí wọn. Ẹ sọ ti ìdọ̀bálẹ̀ náà: ẹni tó bá kọ̀ tí kò dọ̀bálẹ̀ fún ọba ti sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ ju ẹni tó ń pariwo lọ.

Àrokò ni mo fẹ́ràn jù láti ṣàlàyé. Nínú eré ààfin Ọ̀yọ́, àwọn ìjòyè lè gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ wá síwájú ọba, gbogbo ilé á sì pa rọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó gbé idà, kò sẹ́ni tó bú ọba. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìlú ti kọ̀ ọ́, kó lọ kú. Bí àlejò bá ti mọ èyí ṣáájú, òun náà á pa rọ́rọ́ pẹ̀lú gbogbo ilé, ẹ ó sì rí i lójú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ará Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́ láti apá Kùtọnu ni àlejò yín, ẹ má dà á láàmú pẹ̀lú àlàyé. Yorùbá ni òun náà, ẹ̀ka èdè ló yàtọ̀. Ẹ kàn bá a wá eré tí wọn kì í ti í yára sọ̀rọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ́ ọ ní èsì

Ibi tí eré wa ti yàtọ̀ sí èyí tó mọ̀ nílé wọn nìyí. Níbòmíì, òǹwòran á dákẹ́ títí dé òpin kó tó pàtẹ́wọ́. Níbí, òǹwòran ní ìpín tirẹ̀ nínú eré, ó sì dára kí àlejò mọ ìpín náà lórí.

Bí olórí òṣèré bá jáde tó ń júbà, tó ní òun júbà àkọ́dá, òun júbà aṣẹ̀dá, ẹ jẹ́ kí àlejò mọ̀ pé "Ìbà á ṣẹ" là ń dáhùn. Bí apàlọ́ bá ní "Àlọ́ o!", "Ààlọ̀!" ni. Bí wọ́n bá kí ilé, kí òun náà dáhùn. Ẹ fi í dánra wò nílé, lórí tábìlì oúnjẹ, kí ẹ̀yin jẹ́ apàlọ́ kó máa gbè. Bó bá ti fi ẹnu rẹ̀ pe "Ààlọ̀" tí ohùn rẹ̀ gòkè sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe yẹ, ìtìjú ti kúrò lára rẹ̀ nìyẹn. Orin náà ńkọ́? Lílé kò kàn án, ègbè ni kó mọ̀. Ègbè kì í gùn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n á máa tún pè. Kó tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀mejì, kó dara pọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

Kí ẹ sì ti sọ fún un pé àwọn èèyàn á máa bá òṣèré sọ̀rọ̀. Ẹnìkan á kígbe láti ẹ̀yìn pé "Má gbà á o, májèlé ni!" Ìyá kan á pòṣé. Ẹlòmíì á máa bú ọkọ burúkú inú eré bí ẹni pé àna rẹ̀ ni. Kì í ṣe àìmọ̀wàáhù. Òṣèré tí gbọ̀ngàn bá dákẹ́ fún, ẹ̀rù á bà á.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ọjọ́ eré

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú bí àyè bá wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n ń tà á lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mú owó lọ́wọ́, nítorí pé bí nẹ́tíwọọkì bá ṣòfò lálẹ́ ọjọ́ náà, owó tẹ ẹ fẹ́ fi fóònù san lè má wọlé títí eré á fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú kí àlejò káàbọ̀, Mọ́kọ́lá àti Bódìjà kò jìnnà sí ilé eré méjèèjì. Ẹ jẹ ẹ́ lásìkò, nǹkan bí aago mẹ́rin ọ̀sán, kó lè ti dà nínú kí iná tó kú nínú gbọ̀ngàn. Ní ti aṣọ, kò sí òfin. Bùbá àdìrẹ tó mọ níwọ̀n dára, ẹ wọ aṣọ tó bo apá nítorí ẹ̀fọn, ó kéré tán fún ìgbà tí ẹ bá dúró níta.

Lílọ kò le. Ní ọ̀sán, Míkírà tàbí kòròpé láti Dùgbẹ̀, Mọ́kọ́lá tàbí Sángo á gbé yín dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì, ẹ ó sì tún gba ọkọ mìíràn wọ inú lọ. Àmọ́ nítorí àbọ̀, mo máa ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n gbé ọkọ ara wọn, tàbí kí wọ́n bá awakọ̀ kan tí wọ́n mọ̀ ṣàdéhùn kó dúró dè wọ́n. Bolt wà n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n bí gbogbo gbọ̀ngàn bá tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lè dúró pẹ́ kí ọkọ tó dá yín lóhùn. Bó bá ń gbé inú ọgbà IITA, kó ti sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ pé òun á pẹ́ wọlé, kí ẹ̀yin náà sì mú káàdì ìdánimọ̀ dání.

Asìkò ńkọ́? Bí pósítà bá sọ pé aago méje, ẹ dé ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ lásìkò. Ẹ sọ ìyẹn fún àlejò láti ilé kó má baà máa wo aago, kí ẹ sì fi àkókò náà mú un dúró ti àwọn onílù níta bí wọ́n bá wà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ohun tí ẹ lè sọ lójú ọ̀nà

Inú ọkọ ni mo máa ń fi ìtàn eré fúnra rẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé kí òyìnbó tó gòkè odò ni àwọn eégún aláré ti ń ti Ọ̀yọ́ Ilé lọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń pidán, tí wọ́n ń fi òyìnbó pàápàá ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tí ìyẹn dé. Àwọn là ń pè ní alárìnjó. Ẹ sọ ti Hubert Ògúndé, tó bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀ ní ìjọ Aládùúrà l'Ékòó ní 1944, tó sì sọ eré di iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi jẹun. Ní 1964, eré rẹ̀ tó ń jẹ́ Yorùbá Ronú dun ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn níbí, débi pé wọ́n fi òfin dè é kó má ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Ìgbà tí ológun gbàjọba ní 1966 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Àlejò tó bá gbọ́ èyí á mọ ìdí tí gbogbo ilé fi máa ń hó yèè bí òṣèré bá sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí olóṣèlú.

Bí ẹ bá gba Adámásingba kọjá, ẹ tọ́ka sí agbègbè náà fún un. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Mbari tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961 wà nígbà náà, níbi tí Ulli Beier, Ṣóyínká, Okigbo, Clark àti àwọn òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ti máa ń pàdé, tí wọ́n ń ka ewì, tí wọ́n ń pàtẹ àwòrán, tí wọ́n sì ń ṣeré. Bó bá sì jẹ́ yunifásítì lẹ̀ ń lọ, kó mọ̀ pé orí ìtàgé tó fẹ́ wò yẹn ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti ṣe Ọ̀mùtí ní 1963, láti inú ìwé Amos Tutuola. Ògúnmọ́lá kò lọ yunifásítì gba oyè. Olùkọ́ ni, ó ní ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ tó ń kó káàkiri, yunifásítì ló ránṣẹ́ pè é wá. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mọ́ mi nínú láti sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Nínú gbọ̀ngàn

Ẹ jókòó sí àárín. Iwájú pátápátá kò dára fún ẹni tó ń tijú, nítorí òṣèré lè sọ̀ kalẹ̀ wá fà á lọ́wọ́ kó wá jó. Ẹ̀yìn náà kò dára, ohùn lè má dé ọ̀dọ̀ yín dáadáa. Ẹ pa fóònù. Bó bá fẹ́ ya fọ́tò, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń darí èrò kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó sì má lo iná kámẹ́rà.

Nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹ kàn lè sọ gbólóhùn kan nígbà tí wọ́n bá paná láti pààrọ̀ ẹrù orí ìtàgé: "Irọ́ ló pa yẹn," tàbí "Ó ti mọ̀ pé ọmọ òun ni." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má túmọ̀ òwe. Bí ẹ bá fẹ́ túmọ̀ òwe kan, mẹ́ta á ti kọjá lọ kẹ́ ẹ tó parí. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ bí gbogbo ilé ṣe hó lẹ́yìn òwe náà, ìyẹn ni ìtumọ̀ tó nílò ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní àkókò ìsinmi ráńpẹ́, kó bi yín ní gbogbo ohun tó bá fẹ́.

Bí iná NEPA bá lọ, ẹ sọ fún un pé kó jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀. Mo ti rí i tí àwọn òṣèré kò dúró rárá, tí wọ́n ń kọrin lọ nínú òkùnkùn, tí àwọn èèyàn tan fóònù wọn láti fi ṣe iná fún wọn.

Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Onílù dùndún lè rí àlejò yín lẹ́nu ọ̀nà kó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìlù kí i, kó ki Ìbàdàn mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, kó wá dúró tì í. Kì í ṣe agbe. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, ọwọ́ ọ̀tún ni kó fi fún un ní ohun tó bá ní, pẹ̀lú ẹ̀rín. Bí inú bá dùn lórí ìtàgé, tí àwọn kan sì ń dìde lọ fi owó yẹ òṣèré sí, kí àlejò má fọ́n owó sí ẹnikẹ́ni lórí, kó má sì jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Òfin CBN ti ọdún 2007 ka ìyẹn léèwọ̀, wọ́n sì ti ń fi ẹ̀wọ̀n jẹ èèyàn lórí rẹ̀. Kó fi lé òṣèré lọ́wọ́, tàbí kó fi sínú àpòòwé.

Ìgbésẹ̀ keje: Lẹ́yìn eré

Ẹ má sáré jáde. Àwọn òṣèré, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, máa ń jáde wá kí èrò, ọ̀dà ṣì wà lójú wọn. Ẹ jẹ́ kí àlejò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn pé "Ẹ kú iṣẹ́ o." Kó wá ẹni tó ṣe ìkà inú eré rí, kó kí i dáadáa, nítorí òun ni gbogbo èèyàn ti bú láti ìrọ̀lẹ́. Bí ebi bá tún ń pa yín, súyà wà ní Sábó, kò jìnnà sí Mọ́kọ́lá.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ bi í pé ta ni àánú rẹ̀ ṣe é jù nínú eré náà. Ẹ má bi í bóyá ó gbádùn ẹ̀. Á ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Èsì ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn lẹ máa fi mọ irú eré tí ẹ máa mú un lọ wò nígbà mìíì.

Bó bá wá ní òun fẹ́ rí ibi tí eré ti ṣẹ̀ wá, ọdún Òkè'Bàdàn máa ń wáyé ní oṣù Kẹta, ọdún Egúngún náà sì máa ń wáyé láàárín ọdún. Ẹ sọ fún un gbangba pé ìyẹn kì í ṣe eré tí a ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún. Kò ní máa pàtẹ́wọ́ fún eégún, kò sì ní sún mọ́ ọn láti ya á ní fọ́tò láìgbàṣẹ. Bó bá jẹ́ obìnrin, ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò ní ọjọ́ tí eégún Olóòlù máa jáde, nítorí obìnrin kì í rí i, kó jókòó sílé títí á fi kọjá.